Ìwé Ọnà Híhun Tí A Rà ní Ẹ̀rúwà

Bí ẹnikẹ́ni bá pariwo "Táyé" lẹ́nu ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Igbó-Ọrà nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń tó márùn-ún tí a ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wa á sì ti gbé garawa rẹ̀ kúrò lórí ìlà kó tó mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń pè. Nítorí náà, gbogbo ìyá ìbejì ló ní ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ìyá Ìbejì Onígàárì wà, Ìyá Ìbejì Ọlọ́ọ̀lẹ̀ wà, ìyá tiwa sì ni Ìyá Ìbejì Olówùú, torí òwú ni ó ń hun: fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà ọmọ tuntun, méjì-méjì. Ní ìlú wa, ẹni tó bá hun ẹyọ kan ṣoṣo fún títà, ó ń lé ìdajì oníbàárà rẹ̀ lọ ni. Èmi ni Táyé tirẹ̀, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ wá sáyé, síbẹ̀ òun ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní òun ló rán mi wá wò bóyá ayé dùn, gbogbo ìgbà èwe mi ni ó sì fi rán mi níṣẹ́ bẹ́ẹ̀, láti orí omi mímu dé orí bàtà rẹ̀ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Títí di òní, n kò tíì gbà pé ètò yẹn tọ́.

Ilé gígùn ni ilé wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, yàrá ní ọ̀tún àti òsì, àgbàlá lẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ládáànì á ti pe ìrun ní mọ́sálásí ìta, Ìyá Àgbà tó bí bàbá wa á ti máa wúkọ́, á máa fi orín runnu, á sì máa béèrè bóyá wọ́n ti tú ewúrẹ́ sílẹ̀, láìtíì rí ẹni tí ó ń bi. Ilẹ̀ gbígbá ni tèmi, abọ́ fífọ̀ ni ti Kẹ́hìndé, a sì jọ ń pọnmi. Lẹ́yìn náà la ó jẹ ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, tàbí iṣu sísun bí bàbá wa bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ní ìrọ̀lẹ́, làfún àti ọbẹ̀ ilasa ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí, ẹni tí kò bá sì fẹ́, Ìyá Àgbà á ní kó lọ bi ebi rẹ̀ wò. Lábẹ́ gbogbo ariwo yìí ni abẹ́rẹ́ gígùn méjì ti ìyá wa máa ń ró, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ó lè máa bá aládùúgbò jà lórí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ sísá kí ọwọ́ rẹ̀ má dúró rárá. Bí abẹ́rẹ́ náà bá dákẹ́, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ó máa ń dákẹ́. Ọjọ́ tí àwọn ìyá ọlọ́mọ bá ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀bá ọgbà ilé ìwòsàn ni ìyá wa máa ń tẹ́ ọjà sí, ọjà rẹ̀ kì í sì pẹ́ tán. Lọ́dún náà ni obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó súwẹ́tà wá láti Ìbàdàn, tó ní ọnà bí ewé lára, tó ní ihò wínníwínní bíi ti léèsì. Àwọn ìyá á fọwọ́ kan tiwa, wọ́n á ní "Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á kọjá síbi ti Ìbàdàn. Ìyá wa ò mọ̀ ju ọnà mẹ́ta lọ: èyí tó tẹ́jú, onílà, àti oníhóró. Òwú ń kún inú àpótí, ọjà tí a hun ń kún orí àpótí.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá Ìgàngán ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ni, ìlú Ìgàngán ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń ṣe oko iṣu àti ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ ilé ọkọ tán, ilé sì dá pátápátá. Ó ní kí bàbá wa fún òun ní ọ̀kan nínú ìbejì kó máa bá òun gbé, òun á tọ́jú rẹ̀, òun á rán an níléèwé. Kò sí ohun tó burú nínú ohun tó béèrè. Nílẹ̀ wa, ọmọ kì í ṣe ti ẹni kan, àbúrò kì í sì í sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ò fún un lọ́mọ, láìjẹ́ pé ó ní ìdí gidi tó ṣeé sọ lójú ẹbí. Èmi àti Kẹ́hìndé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí a ti máa ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá kàn wá.

Bàbá wa ní, "Ìyá Ìbejì, kí ni kí n wí fún ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé kí n ní ọmọ méjì ń jókòó ti òwú tẹ́nìkan ò rà?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ìbejì ni wọ́n, wọn kì í yà wọ́n."

"Ní Igbó-Ọrà yìí? Tá a bá ní a ò ní ya ìbejì, ta la máa rí rán níṣẹ́?"

Ìyá wa yíjú sí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ń fọ́ ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. "Ẹ má wojú mi o," ó ní. "Èmi ni mo bí ẹni tó ń tọrọ, èmi náà ni mo bí ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí yìí ò rọrùn."

Wọ́n fi í sí pé nígbà tí ọ̀yẹ́ bá mú, Màmá Ìgàngán á wá fúnra rẹ̀ wá mú ẹni tí wọ́n bá fún un. Ìyá wa ní kí wọ́n fún òun di ìgbà yẹn. Bí iṣẹ́ òun bá tún gbérí débi tí ó fi nílò àwa méjèèjì, kí bàbá wa fi ìyẹn ṣe ìdí. Bí kò bá gbérí, òun náà kò ní jiyàn mọ́. Bàbá wa gbà. Èmi ò lè sùn dáadáa fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ ń hun òwú rẹ̀ lọ, inú sì bí mi sí i nítorí ìyẹn.

Obìnrin onísúwẹ́tà Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà fún ìyá wa. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ìyá wa bi í ní gbangba ibi tí àrà rẹ̀ ti ń wá, ó sì dáhùn pé inú ìwé ni, pé ìwé wà tí wọ́n kó oríṣiríṣi ọnà híhun sí, ẹni tó bá ní in kò ní ṣe ohun kan náà títí. Ìyá wa kò kàwé ju kó kọ orúkọ rẹ̀ àti tiwa lọ. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀wé kà, n kò ní fi ìyẹn ṣe ìtìjú. Kẹ́hìndé ni kì í fẹ́ rí ìwé sójú. Tíṣà wa máa ń ní òwú ló wà nínú orí rẹ̀. Bí ọjọ́ ọjà Ẹ̀rúwà ti pé, ìyá wa di owó tó ní mọ́ ìdí ìró, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú sínú àpò bíi ti gbogbo ìgbà, òun àti àwa méjèèjì sì wọ mọ́tò.

Bàbá oníwèé kan wà níbẹ̀ tó ń ta ìwé àlòkù. Ó tẹ́ tàpólì sílẹ̀, ó to ìwé iléèwé, ìwé àdúrà àti ìwé ìtàn lé e lórí láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí ìyá wa sọ ohun tó ń wá, ó rò ó díẹ̀, ó wá inú àpò kan, ó sì kó ìwé mẹ́ta jáde. Àkọ́kọ́ tóbi, ó wúwo, ó ń dán, àwòrán ọmọ òyìnbó aláwọ̀ mèremère ló kún inú rẹ̀. Èmi ti gbá a mọ́ra kí ìyá wa tó béèrè iye rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀, ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sórí tàpólì bí ẹni tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ fún ìyá rẹ̀. Ìkejì tín-ín-rín, kò wọ́n, ojú ewé kọ̀ọ̀kan sì ní súwẹ́tà kan nínú. Ìkẹta kúrú, ó ki pọ́pọ́, kò ní èèpo, ikán ti tọ́ etí rẹ̀ wò, owó rẹ̀ ló sì kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ọmọ nínú rẹ̀, kò sí súwẹ́tà. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kò ju àwòrán dúdú àti funfun lọ, ti òwú híhun bí àtẹ́lẹwọ́ kan, mẹ́rin-mẹ́rin lójú ewé, pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Màámi, èyí ò dáa. Kò sí aṣọ kankan nínú ẹ̀."

"Mo rí i," ìyá wa ní. Ó ṣí ti tín-ín-rín, ó ṣí ti kúkúrú, ó gbé wọn síra wọn. "Ìwé tó ń fi súwẹ́tà hàn mí, súwẹ́tà kan náà ló fún mi. Eléyìí ń fi ọnà nìkan hàn mí. Mo lè gbé e sórí fìlà, mo lè gbé e sórí ìbọ̀sẹ̀. Bàbá, èéṣe tí owó tiẹ̀ fi wálẹ̀ tó báyìí?"

Bàbá oníwèé fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ìyá Ìbejì, mi ò ní tàn yín. Ojú ewé tí wọ́n fi ṣàlàyé àwọn lẹ́tà yẹn ti já níwájú. Ẹni tó tà á fún mi lóun ò mọ ohun tóun lè fi ṣe. Ẹ mú ti tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó pé, gbogbo ojú ewé ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Òjò ìkẹyìn ọdún ṣú lójijì, ó sì rọ̀. A bá a kó ìwé sábẹ́ àtíbàbà ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wa fún ara wa mọ́bẹ̀. Ẹni tí òjò ká mọ́ ìṣọ̀ kò lè lé oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe ráyè jókòó ti ìwé kúkúrú náà. Ó ń ṣí i lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé ojú ewé súnmọ́ ojú. Mo bi í pé kí ni ó ń wá.

"Ohun tí mo mọ̀ ni mò ń wá. Ohun tí mo mọ̀ ló máa mú mi mọ èyí tí mi ò mọ̀."

Ó pẹ́ kó tó fi ìka kan àwòrán kan. Ọnà onílà ni, èyí tó fi ń parí ọrùn ọwọ́ súwẹ́tà láti ọjọ́ tó ti ń hun. Ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo kà á: K méjì, P méjì, títí dé òpin. Ìyá wa fa abẹ́rẹ́ yọ, kò sì hun ún, ó kàn ń fi ìka rìn lórí rẹ̀. "Ojú òwú méjì síwájú, ojú méjì sẹ́yìn," ó ní. "Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. A jẹ́ pé K ni iwájú, P ni ẹ̀yìn." Kò tíì gbà á gbọ́ tán. Ó wá oníhóró kàn, èyí tí wọ́n ń hun ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń yí i padà ní ìlà kejì. Mo kà á, lẹ́tà náà sì bá ọwọ́ rẹ̀ mu láìṣẹ́kù. Nígbà náà ló na abẹ́rẹ́ sí Kẹ́hìndé, ó ní kí n ṣí ibi tí ẹnìkankan nínú wa kò mọ̀ rí, kí n máa kà, kí Kẹ́hìndé máa hun. Mo kà, ó hun. Òjò ń dá lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó fi máa dá, ohun kan ti jáde lọ́wọ́ Kẹ́hìndé tó dì mọ́ra bí ara agbọ̀n, ó sì jọ àwòrán inú ìwé náà débi pé bàbá oníwèé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti fowó lé e. Ìyá wa ti ka owó sí i lọ́wọ́ kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà parí.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ rọrùn lẹ́yìn ìyẹn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rí àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ẹ̀rúwà báyìí, tí wọ́n gbé fóònù síwájú, tí òyìnbó inú fóònù ń hun, tí àwọn náà ń hun tẹ̀lé e. Bó bá sáré jù fún wọn, wọ́n á dá a dúró. Àwa kò rí ẹni dá dúró. Lẹ́tà tó kù lẹ́yìn K àti P pọ̀, ọwọ́ la fi ń wá wọn. Àmì kan wà tí a mọ̀ pé ó ń ṣí ihò, torí àwòrán fi hàn, a sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀: a ó yí òwú ká abẹ́rẹ́, ihò á jáde. Ṣùgbọ́n ihò kọ̀ọ̀kan ń bí ojú tuntun kan, fìlà tí a fẹ́ hun fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ sì ń fẹ̀ lọ. Nígbà tí Kẹ́hìndé máa parí rẹ̀, orí Ìyá Àgbà ló bá mu. Ìyá Àgbà dé e ní gbogbo ìgbà ọ̀yẹ́ náà, ó ń sọ fún ẹni tó bá bi í pé àwọn ọmọ òun hun ún fún òun, kò sì sí ẹni tó já irọ́ náà. Kẹ́hìndé ló padà fi ojú wo àwòrán náà títí tó fi rí i pé ojú méjì sùn léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Àmì tó tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n hun méjì pọ̀ di ọ̀kan. Bí a ti mọ ìyẹn, ọnà bí ewé jáde.

Báyìí la ṣe ń lò ó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí a bá fọ abọ́ làfún tán. Èmi á jókòó lórí àpótí pẹ̀lú ìwé, Kẹ́hìndé á jókòó nílẹ̀, èmi á máa kà bí ẹni ń ka kéwú, òun á máa hun. Bí mo bá kà á yára, á fi ẹsẹ̀ tì mí. Ìyá wa ń rán ẹ̀gbẹ́ pọ̀, ó sì ń kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò ní sọ pé ọjà ti Ìbàdàn kò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́dọ̀ wa, ìyá wa sì tún ń ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú àpò tó fúyẹ́.

Ọ̀yẹ́ mú, ètè wa là, Màmá Ìgàngán sì dé. Ẹ̀rọ ata ni wọ́n rán mi lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú abọ́ ata lórí, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, iṣu tó kó wá wà nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Kẹ́hìndé ń da omi tútù fún un. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú rẹ̀ sì máa ń dúró lórí ohun tí ó bá ń wò. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní mo ti ga. Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá wa pè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí.

Ìyá wa kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ká ní bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ló ṣì rí ni, èmi ì bá ti di ẹrù ọ̀kan sílẹ̀ dè yín. Iṣẹ́ tá à ń ṣe báyìí ni kò ṣeé fi ọ̀kan ṣe. Táyé ló ń kà á, Kẹ́hìndé ló ń hun ún. Tẹ́ ẹ bá mú ọ̀kan, èkejì ò wúlò fún iṣẹ́ náà mọ́."

Màmá Ìgàngán ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí i, ìyàwó."

A ṣe é fún un. Mo ka ìlà mélòó kan, Kẹ́hìndé hun ún, ó mọ́ tónítóní. Màmá Ìgàngán gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó dá a padà.

"Ó dáa. Táyé, dákẹ́. Kẹ́hìndé, gba ìwé yẹn, kó o dá ṣe é."

Mo rí ọwọ́ ìyá wa tó di etí ìró rẹ̀ mú. Kẹ́hìndé gba ìwé náà, ó tẹjú mọ́ ọn, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n kà, Màmá."

"Ìwọ Táyé ńkọ́? Hun ún."

Èmi ò nílò kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà fún mi láti kùnà. Kí n tó dé ìdajì ìlà, ojú òwú ti já bọ́, òwú ti wé mọ́ mi níka, Ìyá Àgbà sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Màmá Ìgàngán kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Kẹ́hìndé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá wa.

"Ràjí," ó ní, "ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Máa fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màá bá wọn sọ ọ́ ní Ìgàngán, ẹni tó máa bá mi gbé ò ní wọ́n."

Bàbá wa dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyá wa ń dúpẹ́, ó ń sunkún, kò sì fi í pamọ́. Èmi náà sunkún, àyà mi wá fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n gbé àpò Màmá Ìgàngán sin ín dé ibi mọ́tò. A jọ ń rìn lọ. Ó ní ṣé ẹ̀rọ ata ni mo wà nígbà tí òun wọlé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

"Bàbá ẹ wà lóko, ìyá ẹ wà lẹ́yìn ilé, ìyá àgbà yín ń sùn. Ẹ̀gbọ́n ẹ nìkan ni mo bá. Ó ṣí ìwé yẹn sórí ẹsẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń hun. Kò rí mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tó fi parí ìlà kan."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di àpò náà mú lórí.

"Má sọ fún un pé mo rí i," Màmá Ìgàngán ní. Ó gba àpò rẹ̀ lórí mi, ó sì wọ mọ́tò.